Wọ́n Ń Bẹ Àrá Kó Sán, Ojú Ò Sì Tì Wọ́n

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílé tí wọ́n ti tọ́ wa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹnì kan á pa tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á da aṣọ bo dígí, ìyá àgbà á pàṣẹ pé kí ọmọdé kankan má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí àrá bá wá sán, ẹlòmíràn á kí Kábíyèsí, ẹlòmíràn á pe Jésù, Àlhájì á ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo ará ilé bá ń sá wọlé gan-an ni wọ́n ń jáde. Wọ́n á gbé kámẹ́rà, wọ́n á gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá orí òkè tàbí pápá gbalaja kan dúró sí. Kí ni wọ́n ń wá? Mànàmáná ni. Wọ́n fẹ́ yà á ní fọ́tò.

Háà! Mo ní fọ́tò.

Ẹni tó bá jókòó sílé rẹ̀ tí mànàmáná kọ lójú fèrèsé, tó wá yà á, èmi ò bá a jà. Ohun tó ń tì mí lójú nítorí àwọn tí mò ń wí ni pé wọ́n ń fẹ́ kí àrá sán. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni. Bí ìjì bá yà gba ibòmíràn lọ, tí àwa ń dúpẹ́, ńṣe ni tiwọn ń fajú ro.

Bí ẹ bá rò pé mo ń parọ́ mọ́ wọn, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Róòmù. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2013. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kéde pé òun máa fi ipò sílẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 600 ọdún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo ìjọ Àgùdà káàkiri ayé ṣe háà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò dé. Ní gbàgede Peteru Mímọ́, ayàwòrán kan tó ń bá iléeṣẹ́ ìròyìn AFP ṣiṣẹ́, Filippo Monteforte lorúkọ rẹ̀, fara pamọ́ sáàárín àwọn òpó. Òtútù ń mú, òjò ń rọ̀ ṣáá. Ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ó ní irin tó ń gba àrá wà lórí ilé ìsìn Peteru Mímọ́, pé bóyá àrá á já lù ú, kí òun rí i yà. Ó dúró ju wákàtí méjì lọ! Ó dojú kámẹ́rà kọ orí ilé Ọlọ́run, ó ń retí pé kí àrá já síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá Mímọ́ ní òun ń lọ!

Ó sì já síbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé ó ṣeni láàánú. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àrá sán lu ilé ìsìn tó lókìkí jù nínú ayé Àgùdà, ohun tó ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà kò gbé e. Ìkejì wá já, ó rí ìyẹn mú, ó di fọ́tò tí gbogbo ayé ń gbé kiri, tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé ṣé àmì láti ọ̀run ni. Àmì wo? Irin tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ pé kó máa gba àrá ló gba àrá. Fọ́tò náà rẹwà o, n ò ní tàn yín. Mo tiẹ̀ tún un wò.

Ti Brazil tún ju ìyẹn lọ. Ẹ mọ ère Kristi Olùràpadà tó wà ní Rio, tó na apá méjèèjì sórí òkè Corcovado. Òkè yẹn ga tó 700 mítà, ère gan-an tó 30 mítà, kò sí ohun mìíràn tó ga tó o láyìíká ibẹ̀, nítorí náà àrá ń jà á lọ́dọọdún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, àrá já orí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù. Ẹ̀yin á rò pé wọ́n á fi ìyẹn gbọ́n. Rárá o! Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan dojú lẹ́ǹsì kọ ọ́, ọdún dé ọdún, wọ́n ń dúró kí ó tún jà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Fernando Braga rí ohun tó ń wá: àrá já lé ère náà lórí gan-an. Ó tiẹ̀ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ àkókò tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Brazil kan náà o, ní Bahia, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ láti ọ̀dọ̀ wa ń wọ pupa jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọjọ́ Santa Bárbara, wọ́n sì ń kí Ọya mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní Iansã. Àwọn yẹn mọ ẹni tó ni mànàmáná. Wọn kì í ní kó yíjú síbí kí àwọn rí i yà dáadáa. Nílé níbí náà, láyé àtijọ́, ilé tí àrá bá jà, àwọn Onímọgbà, àwọn àwòrò Ṣàngó, ló máa wọlé wá wá ẹdùn àrá, onílé á sì san owó ètùtù. Nísinsìnyí, ẹni tó yà á lówó ń bá lọ.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ara tiwọn ni wọ́n ń yà, nígbà tí àrá ń bọ̀ lórí wọn. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1975, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan gun Moro Rock, àpáta ńlá kan ní ọgbà Sequoia ní California. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 18, àbúrò jẹ́ 12. Ojú ọ̀run ṣú. Lójijì, irun orí wọn nà dúró ṣánṣán. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Èmi ì bá ti sọ̀ kalẹ̀, kódà bí mo bá máa fi ìdí wọ́. Ẹ̀rín ni àwọn ń rín! Arábìnrin wọn gbé kámẹ́rà, ó yà wọ́n bẹ́ẹ̀, eyín gbogbo síta. Wọn ò mọ̀ pé agbára tí mànàmáná ń kó jọ láti fi já ló gbé irun yẹn dìde, pé ibi tí wọ́n dúró sí gan-an ló ń wá. Kò pẹ́, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, wọ́n ní kí àwọn máa sọ̀ kalẹ̀, ni àrá bá já. Àbúrò ṣubú, iná jó o lára, ẹ̀gbọ́n ló gbé e lọ. Orí bá àwọn méjèèjì ṣe é. Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò rí orí bá a ṣe. Fọ́tò yẹn ṣì wà, òun ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún èèyàn dòní. Ẹ wá a wò, kí ẹ rí ẹ̀rín lójú àwọn ọmọ náà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, ní Jaipur ní Íńdíà, àwọn èèyàn gun ilé ìṣọ́ kan lẹ́bàá odi Amer lọ wo òjò, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya ara wọn. Èèyàn 11 ni ìròyìn ní àrá pa. A kì í fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀.

Ti Tim Samaras ní Amẹ́ríkà ló ń ká mi lára, nítorí onímọ̀ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe aláìríṣẹ́ṣe. Ó wá kámẹ́rà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ya bọ́ǹbù átọ́míìkì, ó wúwo ju 700 kílò lọ, ó ń fi ọkọ̀ wọ́ ọ kiri lẹ́yìn ìjì lọ́dọọdún, kó ṣáà lè rí ibi tí mànàmáná ti ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ààjà ńlá kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ lé ní kìlómítà mẹ́rin, ká òun àti ọmọ rẹ̀ Paul àti Carl Young tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ́ inú mọ́tò kékeré lẹ́bàá El Reno, ní Oklahoma. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a lọ. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òun wà lára àwọn tó ń ṣọ́ra jù nínú gbogbo àwọn tó ń lé ìjì. Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń ṣọ́ra nìyẹn!

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó wà lára àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀, ẹ bi William Jennings ará Philadelphia, tó ya mànàmáná ní 1882. Wọ́n ní ó fẹ́ fi hàn pé bí àwọn tó ń fi ọ̀dà kùn ún ṣe ń yà á ní wọ́lọwọ̀lọ kọ́ ló rí. Ó fẹ́ já àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà nírọ́, ó wá kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

Àbí ẹ rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni? Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ. Ìyàwó àti òkú ló ń yà, owó sì ń wọlé. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, orí dẹ́kìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ló ń gùn. Ó ní lóru, ńṣe ni èèyàn máa ń ṣí lẹ́ǹsì sílẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí mànàmáná fúnra rẹ̀ wá ya ara rẹ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo, "Ọmọ mi, wọlé!" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù, ó ṣì jìnnà. Mò ń kà á. Bí mànàmáná bá kọ, kí àrá tó sán, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan." Ìyá ní, "Èyí tó máa bá ọ kò ní jẹ́ kí o kà á dé méjì." Òdodo sì ni màmá sọ, nítorí àrá lè já síbi tó jìnnà tó kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ibi tí òjò ti ń rọ̀, níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́ kedere.

Èyí tó wá burú jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jáde lẹ́nu yín. Fọ́tò ọmọkùnrin náà tí gbogbo àdúgbò ń yìn, èyí tí mànàmáná mẹ́jọ jọ já lórí ilé ìtajà ńlá lẹ́ẹ̀kan náà? Kò já bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń já láàárín wákàtí kan ààbọ̀, ó wá fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n léra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe é, wọn kì í sì í sọ. Wọ́n á fẹ̀mí wéwu tán, wọ́n á tún parọ́ mọ́ àrá!

Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti gbé bátìrì kámẹ́rà náà pamọ́ sínú ike gàrí. Ọmọ ń wá a láti àná. Bó bá bi yín, ẹ ò rí mi.