Kọ́lékọ́lé Lo Pè, Kólékólé Ló Dé

Ẹ̀yin ará Jamestown ní Accra, ẹ kú òjò. Ti ìta kọ́ ni mò ń wí o, ti inú yàrá ni. Ẹ kú gbígbé bàsíà sábẹ́ jíjò, ẹ kú yíyí ibùsùn kiri láti igun dé igun. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń wá bíríkìlà tó ṣeé fọkàn tán. Ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán.

Ṣé ìlú tí ẹ wà yìí ló yẹ kí wọ́n ti máa wá bíríkìlà? Lọ́dún 1673 tí Royal African Company àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kọ́ James Fort sí etí òkun, àwọn àgbà Gã sọ pé apá ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún, lọ́nà Aládà, ni wọ́n ti kó òṣìṣẹ́ wá. Iṣẹ́ parí. Òṣìṣẹ́ ò lọ. Wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ, Wetse Kojo tó jẹ́ olórí wọn gbé àga oyè kalẹ̀, àdúgbò sì di Ngleshie Alata títí dòní. Alata kan náà tí wọ́n fi ń pe èmi àti ìwọ tí a bá ti Èkó dé. Nítorí náà, bí bíríkìlà rẹ bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ òun, tí Kérésì wá bá a níbẹ̀, tó ti ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kó máa bọ̀, má pariwo. Oyè ló ń wá. Ṣáà máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ọjọ́ tó bá ti bọ́ bàtà iṣẹ́, tó wọ sálúbàtà ọba, ìwọ ti di ará ìlú rẹ̀ nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1836, àwọn Tabom ti Bràsílì dé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń gbẹ́ kànga, wọ́n ń kọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ilẹ̀ káàárọ̀-oòjíire ni wọ́n ti kó bàbá wọn lẹ́rú lọ. Àwọn Gã fún wọn nílẹ̀. Brazil House wọn ṣì wà ní Brazil Lane, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2007. Ògiri amọ̀ tí ará Gánà ń pè ní atakpame pàápàá, ìlú Atakpamé ní Tógò ló ti gba orúkọ, níbi tí àwọn Ifẹ̀ ìbátan wa wà. Aládà mọ ọ́n, Bràsílì mọ ọ́n, Atakpamé mọ ọ́n. Àwa ọmọ wọn wá ń fi fóònù pe ẹni tí a kò mọ̀ rí, ẹni tí a rí nọ́ńbà rẹ̀ lára òpó iná.

Ẹ wo ilé iná etí òkun yẹn, tó ga ní mítà 28. Láti àwọn ọdún 1930 ló ti dúró gbagidi, òkun ń bú mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Ògiri tìrẹ tí wọ́n mọ lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, ewúrẹ́ aládùúgbò sín lẹ́ẹ̀kan péré, ó là láti fèrèsé dé ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Accra ni ilẹ̀ ti mì tìtì lọ́jọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1939, tí ilé sì wó. Bó bá tún mì, ewúrẹ́ nìkan kọ́ ni yóò sín. Ògiri ń là, bíríkìlà náà ń là. Ìwọ nìkan ni kò là nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n kí n má tíì kọlu bíríkìlà. Ẹ̀yin onílé lẹ kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ilé ẹbí ló kún Jamestown: bàbá àgbà kan ló kọ́ ọ, ogójì ènìyàn ló jogún rẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó jogún àkàbà. Bó bá di ọ̀rọ̀ ta ló ni yàrá iwájú, gbogbo ogójì á pé, títí kan èyí tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá di ta ni yóò ra páànù mẹ́ta, bátìrì fóònù gbogbo wọn á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùlé ń jò, ẹbí ń jó. Ọdún Homowo dé, wọ́n wọ́n oúnjẹ kpokpoi kálẹ̀, ìlù dún, òjò náà sì wá bá wọn jó nínú pálọ̀.

Baba wà láàyè, omi ń kán sí i lágbárí, wọ́n ní kó máa sùn sápá òsì. Baba kú, owó ọ̀dà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú títì nìkan ni wọ́n tún kùn o! Ẹ̀yìnkùlé dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí òkú bá lè sọ̀rọ̀ ni, á béèrè pé ilé ta ni wọ́n gbé òun wá. Ẹ gbọ́ tèmi: ọ̀dà kì í wo jíjò sàn. Ẹ gun òkè lọ wá ibi tí omi ti ń wọlé, kí ẹ sì mọ̀ pé omi gbọ́n ju kápẹ́ńtà lọ. Ó lè gba igun kejì òrùlé wọlé, kó gba orí igi rìn jẹ́jẹ́, kó kí gbogbo yàrá, kó tó wá já sórí tẹlifíṣọ̀n yín. Ibi tó já sí lẹ̀ ń dí láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹni kọkànlélógójì tó jogún ilé yín ni òkun. Kì í wá sípàdé ẹbí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í gba ìpín tirẹ̀. Iyọ̀ ló ń rán wá. Atẹ́gùn á gbé e wọ ògiri, á jẹ ọ̀pá irin inú kọnkéré. Irin á dípẹtà, á wú, kọnkéré á bẹ́. Tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tí ẹ rí i tí irin ti yọ eyín síta, iyọ̀ ló ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ìwọ wá tún gbé àpò lọ bu yanrìn etí òkun, torí pé ó sún mọ́lé, ọ̀fẹ́ sì ni, bẹ́ẹ̀ òfin ò tiẹ̀ gbà á. Iyọ̀ ń gbógun láti ìta, o tún pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì láti inú! Bí wọ́n bá ń já yanrìn fún ọ, bù díẹ̀ sẹ́nu. Àwọn aládùúgbò á sọ pé orí rẹ ti dàrú. Jẹ́ kí wọ́n sọ. Bó bá ní iyọ̀, ó kù sọ́wọ́ olọ́bẹ̀, kì í ṣe ohun ìmọlé.

Páànù alumí ló lè bá iyọ̀ gbé. Ṣùgbọ́n bí kápẹ́ńtà bá fi ìṣó irin lásán kàn án mọ́lẹ̀, orogún méjì ló kó sí yàrá kan yẹn: wọ́n á máa jẹ ara wọn títí ihò yóò fi lu. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ náà wà ńbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ wọn tìtorí pé ó máa dán. Amọ̀ ń mí, sìmẹ́ǹtì á fún un lọ́rùn, omi á há sáàárín àwọn méjèèjì, lọ́jọ́ kan gbogbo dídán yẹn á bọ́ sílẹ̀ lódindi. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọ̀gá jáde.

Ọ̀gá Mo-Ti-Dé-Circle ló ṣíwájú. Aago méje àárọ̀ lo pè é, ó ti dé oríta Circle. Aago méjì ọ̀sán, Circle náà ló wà. Bẹ́ẹ̀ Kasoa ló dùbúlẹ̀ sí, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń búra. Bí gbogbo bíríkìlà tó ní òun ti dé Circle bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọkọ̀ trotro kan ò ní ráyè kọjá.

Ọ̀gá Gbogboǹṣe tẹ̀ lé e. Bíríkìlà ni, kápẹ́ńtà ni, púlọ́mbà ni, ó ń ṣe wáyà, ó sì ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lálẹ́ Ẹtì. Ilé tó bá fa wáyà sí, tí ẹ bá tẹ iná pálọ̀, fáànù ilé kejì ni yóò máa yí. Láti ọdún 2011 ni òfin L.I. 2008 ti ní kí ẹni tí yóò ṣe wáyà ilé ní Gánà ní ìwé-ẹ̀rí Energy Commission lọ́wọ́. Béèrè ìwé yẹn kó tó gun àkàbà. Bó bá ní ọ̀run ni wọ́n ti fún òun níwèé-ẹ̀rí, ní kó lọ gbà á wá, kó má sì gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá.

Ẹ̀kẹta ni Ọ̀gá Ó-Ku-Díẹ̀, òun ló sì dùn mọ́ mi jù, torí ẹ̀yin lẹ bí i. Ta ló ní kí ẹ san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan? Ará Peckham wa yìí, orí fóònù ló ti rán owó ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, wọ́n wá ń fi fọ́tò ògiri kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí i. Wọ́n yà á láti iwájú, ó ní ìpìlẹ̀ ti parí. Wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó ní yàrá mẹ́ta ti dé. Wọ́n yà á lálẹ́, ó ṣe Alelúyà, ó ní déékìn ti dúró. Ọ̀gá náà ní òun á tún ilé ṣe, kò sì purọ́: ó ṣe é, ó bàjẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́, owó ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbé iṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yín torí ẹ̀dínwó, ta lẹ fẹ́ mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Ẹ óò fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá yín, ìyá yín á ní ẹ fún un lówó oúnjẹ.

Ẹ tún ṣọ́ ọjà rírà. Ní Timber Market, igi pátákó àti orí ọ̀gà gbígbẹ kò jìnnà síra wọn. Kápẹ́ńtà tí ẹ bá fowó rán, ẹ kò mọ èyí tó ń rà lórí yín. Ó gba owó odum, ìyẹn ìrókò tiwa, ó fi wawa kan òrùlé. Àrèrè ni o! Ikán gan-an á dúpẹ́ pé ẹ ò jẹ́ kí eyín òun ṣe wàhálà. Kọnkéré, sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin la mọ̀. Tiwọn ni sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn mẹ́jọ, àdúrà mẹ́rin. Ọ̀pá irin mílímítà 12 tí wọ́n gbé dé, ẹ wọ̀n ọ́n, 10 ló ń bẹ níbẹ̀ tó wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ ra nǹkan, kí ẹ sì dúró tì í. Tí wọ́n bá da kọnkéré tán, ẹ máa fomi wọ́n ọn fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ló ń lò kó tó gbó. Ẹ̀yin ti gbé firíìjì wọlé ní ọjọ́ kẹta.

Ẹ má wo ilé tó kọ́ lóṣù tó kọjá o, ilé tuntun wo ni kì í rẹwà? Ẹ ní kó mú yín lọ sí èyí tó kọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ sì padà lọ láìsí òun. Bí onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè kí ẹ tó kí i tán, ẹ ti gba èsì nìyẹn. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìjọba, torí akunlé kan ṣoṣo tí kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Accra ni ti AMA, ìjọba ìlú náà: kò gba àsansílẹ̀, kò dé Circle, ọ̀dà pupa rẹ̀ á ti gbẹ lára ògiri yín kí ẹ tó jí. Dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mú ìwé wá! Ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ ò dára, àmọ́ kò ṣi ilé mú rí.

Owó ọ̀gá, ẹ máa san án bí iṣẹ́ ṣe ń gòkè: ti ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ìpìlẹ̀, ti òrùlé lẹ́yìn òrùlé. Kí ẹ sì di ìdá mẹ́wàá mọ́wọ́. Pásítọ̀ kọ́ ni yóò gbà á. Ẹ sọ fún ọ̀gá látìbẹ̀rẹ̀ pé lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà lẹ tó máa san án. Ẹ wá wòran. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í wọlé nígbà tí ẹ̀ ń wá a, òun ni yóò máa pè yín láàárọ̀ láti béèrè bí ojú ọ̀run ṣe rí ní Jamestown. Bí ẹ bá gbọ́ kìrì-kìrì lórí páànù lóru, tí òjò kò sì tíì rọ̀, ẹ má lọgun olè. Kólékólé kọ́ o, ọ̀gá ló gun òkè láìpè, tòun ti ọ̀dà dúdú àti tọ́ọ̀ṣì, tó ń dí ihò tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí látọjọ́ tó kàn án.