Tíọ́rì Ẹnu Onífóònù: Ìwádìí lórí Ihò àti Iye Tí Ó Ń Tà Lọ́jà

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú gbogbo ihò tí olè lè gbà wọ inú fóònù, ẹnu ẹni tó ni fóònù ló fẹ̀ jù, òun náà ló sì pọ́ọ́kú jù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2004 ni ayé kọ́kọ́ gbúròó Cabir, kòkòrò tó ń gba orí Bluetooth ràn láti fóònù Nokia kan dé òmíràn. Ọmọlúàbí ni Cabir. Kì í já wọlé, ṣe ló máa ń tọrọ ààyè. Bí o bá ní o ò gbà, á tún béèrè, á sì máa béèrè títí wàá fi kúrò nítòsí tàbí tí yóò fi sú ọ. Nígbà ìdíje eré ìje àgbáyé tó wáyé ní Helsinki ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ó ràn láàárín àwọn òǹwòran. Gbogbo ẹni tó kó o ló kọ́kọ́ tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”.

Láti ìgbà náà ni ọjà ti gbèrú. Àwọn kan ń ta kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, àwọn kan ń ra ihò. Ní ọdún 2019, Zerodium, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra ihò, kéde pé òun yóò san mílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún ọ̀nà tí a lè gbà wọ fóònù Android láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ ohunkóhun. Lọ́dún kan náà, Apple ní òun yóò san tó mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá fi ihò tó burú jù lọ han òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo “láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ ohunkóhun”. Òun ló gbé owó náà lọ sókè. Bí ẹni tó ni ín bá ti lè bá olè dá sí i, káàdì ìpè igba náírà tó ìnáwó.

Àpẹẹrẹ kan takò wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, wọ́n fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí Ahmed Mansoor, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ènìyàn ní ilẹ̀ United Arab Emirates. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Toronto, àwọn àti ilé-iṣẹ́ Lookout sì bá Pegasus, irinṣẹ́ amí ti ilé-iṣẹ́ NSO Group, nídìí rẹ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ 25 oṣù náà, Apple ti dí ihò mẹ́ta tí irinṣẹ́ náà ń gbà wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ba ìṣirò jẹ́, nítorí náà a yọ ọ́ kúrò nínú àbájáde wa.

Ní Computer Village, Ìkẹjà, ọ̀tá kan ṣoṣo tí wọ́n gbà pé fóònù ní ni ilẹ̀. Kí fóònù tuntun tó mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, ó ti wọ páòṣì, ó ti gba skirin-gáàdì. Bẹ́ẹ̀, ibì kan wà nínú fóònù ọ̀hún tí a ti lè fi nọ́ńbà àṣírí ti sííìmù pa. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á bi í ní PUK, kóòdù ìṣísílẹ̀ oní-nọ́ńbà mẹ́jọ. Ẹni tó bá ṣi ìyẹn náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, sííìmù kú nìyẹn. Olè tó fi irú sííìmù bẹ́ẹ̀ sínú fóònù tirẹ̀ kò ní lè fi kóòdù bánkì kówó ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà àṣírí yìí. Bóyá ohun tí kò jẹ́ kó tà nìyẹn.

Ó wá ku irinṣẹ́ tó lágbára jù lọ, èyí tí ilé-iṣẹ́ kankan kò tíì rí oògùn rẹ̀: ìkíni. “Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ọ̀wọ́ngógó. Láti bánkì yín ni. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á, kí wọ́n má baà ti àkáǹtì yín pa.” Ìpele mẹ́ta ni ìkọlù yìí ní: kíkí, ìdẹ́rùbà, kíkà. Ti àkọ́kọ́ ló ń pẹ́ jù, nítorí ìyá tí wọ́n pè gbọ́dọ̀ dáhùn, kó béèrè àwọn ará ilé, kó gbàdúrà fún ẹni tó pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í já fóònù mọ́ ẹni tó ń kí i lẹ́nu. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé nọ́ńbà náà wá ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kó má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá náà ka ìyẹn fún un pẹ̀lú, ó sì bi í bóyá kí òun tún un kà.