Sí Ọ̀gá Ó-Máa-Wọlé, létí omi Ọjà Olúwo

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú òórùn ẹja. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ ó kọ́kọ́ fẹ́ fi nu epo ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á ná, kí ẹ tó fi nu ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ pléètì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Ìyá Alárọ̀ ni. Ihò mẹ́rin péré ni mo ní kí ẹ lu sára alumíníọ̀mù yẹn, kí ẹ fi táàpù ṣe tíréèdì sí i fún bóòtù M10. Ẹ lù ú tán, ẹ gbé ìbòrí lé e, bóòtù mẹ́ta wọlé wẹ́rẹ́, ẹ̀kẹrin fárígá. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ó máa wọlé." Ni ẹ bá fa fáìlì yọ, ẹ fá ihò ìbòrí títí ó fi gùn bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Bóòtù wọlé lóòótọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n lójú ọ̀sà bí ẹni tí ibà mú, Ìyá Alárọ̀ di etí ọkọ̀ mú, ó ń pe orúkọ yín. Kì í ṣe àdúrà ló fi ń pè é o.

Ẹ má bínú, mo jí pléètì náà gbé lọ síbi iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú, mo gbé e sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní CMM. Tábìlì òkúta gíránáìtì ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi ọ̀sà ní ìdájí. Apá irin kan ń rìn lókè rẹ̀, igi tín-ín-rín sì wà lẹ́nu apá náà, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rúbì pupa kékeré kan lórí. Bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bá ti fara kan irin báyìí, ẹ̀rọ ti mọ ibi tó wà. Igi onílẹ̀kẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọpọlọ David McMurtry ni, ní 1972, nígbà tó wà ní Rolls-Royce, tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa wọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú Concorde. Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kì í yẹ̀ kúrò ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius la ti ń lo ẹ̀rọ náà. Pléètì tó gùn ní 200 mìlímítà, tó kúrò nínú ooru 33 ti ṣọ́ọ̀bù yín bọ́ sínú 20, yóò sún kì ní nǹkan bí 0.06 mìlímítà. Nítorí náà, mo jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú kí n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ó jẹ́wọ́. Ihò kẹrin fi 0.3 mìlímítà yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó fi 0.4 yẹ̀ sókè. Láti ibi tó yẹ kó wà dé ibi tó wà jẹ́ 0.5 gẹ́lẹ́. Àmọ́ 1.0 ni ẹ̀rọ kọ jáde. Mo ti ń gbọ́ ohùn yín: "Olè ni ẹ̀rọ yín!" Rárá o. Àgbàlá róbótó la máa ń yà fún ihò, ìbú àgbàlá yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì la sì ń kọ sílẹ̀. Ihò tó bá fi 0.5 jìnnà sí àárín, àgbàlá tó máa gbà á gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 1.0. Stanley Parker, tó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe tọ́pídò ní Alexandria, ní Scotland, ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1940. Àgbàlá onígun mẹ́rin ni wọ́n ń yà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi igun jìnnà sí àárín ju ibi ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí ẹ bá fa òbìrí gba orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àyè inú rẹ̀ á fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti onígun mẹ́rin yẹn lọ. Irin tó dára ni wọ́n ń jù dànù nítorí àyè yẹn.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti kàn yín. Bóòtù yín jẹ́ 10, ihò ìbòrí jẹ́ 11. Àyè 1 mìlímítà ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ká ní ihò ṣákálá ni ti pléètì àti ti ìbòrí, tí nọ́ọ̀tì ń dì í lẹ́yìn, ihò kọ̀ọ̀kan ì bá ní 1 mìlímítà tirẹ̀. Ihò onítíréèdì kì í fi bóòtù sílẹ̀, ibi tó bá dì í mú sí náà ló máa wà. Ihò méjèèjì ló wá ń pín mìlímítà kan ṣoṣo yẹn jẹ, bí ọmọ méjì tí wọ́n fún ní ẹran kan. Ihò yín nìkan gbé ẹran náà mì.

Ó tún fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbòrí yẹn nípọn tó 25 mìlímítà. Bóòtù tó bá fi dígírì 1 péré fì, ní òkè ìbòrí yóò ti yẹ̀ ní nǹkan bí 0.44. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán ẹ̀rọ fi ń kọ lẹ́tà P sínú òbìrí: ibi tí bóòtù máa dúró sí lókè ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe inú ihò nìkan. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ LASU tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀.

Kí n sọ tèmi náà. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ rúbì kan ihò náà níbi mẹ́rin, ní jíjìn kan náà. Mo tún un wọ̀n, iye rẹ̀ yí padà. Mo tún un wọ̀n, ó tún yí. Tíréèdì ló ń fi mí ṣeré: níhìn-ín ìlẹ̀kẹ̀ gun orí ebè, lọ́hùn-ún ó já sí poro. Tíréèdì M10 máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní 1.5 mìlímítà bó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wá yẹ kí ìlẹ̀kẹ̀ náà máa sọ̀ kalẹ̀ ní 0.375 bó bá ti yí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀nà kejì rọrùn jù: ẹ wé ọ̀pá títọ́ tó ní tíréèdì mọ́ inú ihò náà, kí ẹ wá wọn ọ̀pá tó yọrí síta.

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ lojú ti tì mí. Mo rántí pé kí ẹ tó fa fáìlì lọ́jọ́ yẹn, ẹ wé bóòtù gígùn kan sínú ihò kẹrin, ẹ gbé irin onígun tì í, ẹ di ojú kan. Ẹ ní, "Ó ń wo Ìjẹ̀bú díẹ̀." Ohun tí ẹ̀rọ olówó gọbọi fi odindi òwúrọ̀ kan sọ fún mi nìyẹn, ẹ fi ojú kan ṣoṣo rí i. Ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì fa fáìlì yọ síbẹ̀! Òun gan-an ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mò ń gbé pléètì náà bọ̀. Kí wẹ́dà dí ihò yẹn pátá, kí ẹ tún un lu. Mo ti ṣe irin kan tí ẹ máa gbé lé e, ojú ihò rẹ̀ ló máa di ẹnu dírìlì mú kó má baà wo Ìjẹ̀bú mọ́. Ìyá Alárọ̀ sì ní kí ẹ fi fáìlì yẹn rán mi sí òun, òun fẹ́ máa fi ha ìpẹ́ àrọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àrọ̀ kò ní ìpẹ́.

Àbúrò yín,
Onílẹ̀kẹ̀ Rúbì