Ilẹ̀kùn Tí Mi Ò Tì

Ẹ má jẹ́ kí n fi àsìkò yín ṣòfò lórí bí a ṣe rówó, bí a ṣe gba físà, àti bí wọ́n ṣe ní kí n lọ tún fọ́tò yà nítorí pé etí mi kan kò hàn dáadáa. Kíláàsì wa tó ń kọ́ nípa àwọn Yorùbá ilẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ lọ fojú rí Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, Pírọ́ọ̀fù ló sì ṣáájú wa. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ bàálù rí nínú wa àfi ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí Abuja, tó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló ń wà á. Ní tèmi, mi ò mọ bàálù, ṣùgbọ́n mo mọ Pírọ́ọ̀fù kí. Bí mo bá rí bàbá náà lókèèrè, àyà mi á ti kan ilẹ̀ kó tó rí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun kan ṣì ń dùn mí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí n tó fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá dúró létí òkun ní Badagry, Brazil ló wà lódìkejì omi tó ń wò yẹn. Orí omi yẹn ni wọ́n gbà kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia. Àwa tí a fowó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ìwé wa pé, Addis Ababa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ, lápá ìlà-oòrùn, kí wọ́n tó dá orí bàálù padà sí ìwọ̀-oòrùn, ká tún wá fò la Áfíríkà já kí a tó fojú kan òkun. Èèyàn fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì títì, wọ́n ní kó gba Maiduguri. Mi ò rí ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Láti Addis dé São Paulo ju wákàtí mẹ́wàá lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má lọ ilé ìyàgbẹ́. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé ohun mímu kọjá ni mò ń gbà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní kí n rọra. Mo ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń mu.

Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ náà ni ìjà àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo tó jọ ibi tí à ń dì mú lára rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan. Mo fà á. Ó ṣí lóòótọ́, àmọ́ àwo eérú sìgá ló ṣí. Mo tún un fà. Arákùnrin tó dúró lẹ́yìn mi na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó ti ilẹ̀kùn náà láàárín, ilẹ̀kùn ká sí méjì wọlé. Ẹ ó bi mí pé kí ni àwo eérú sìgá ń wá níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá. Òfin ló ní kó wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1973, iná sọ nínú ilé ìyàgbẹ́ bàálù kan tó gbéra láti Rio de Janeiro lọ sí Paris; èèyàn 123 ló kú, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n dé pápákọ̀. Àwọn tó ṣòfin gbà pé bó ti wù kí wọ́n kìlọ̀ tó, alágídí kan yóò mu sìgá, ó sì sàn kó rí ibi tí á pa á sí ju kó jù ú sínú agbọ̀n bébà lọ.

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn padà, ó pa dé. Ní ilé wa, ilẹ̀kùn tó bá ti pa dé ti pa dé nìyẹn. Iná inú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Ẹlòmíràn ì bá fura. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, mo ní ká dúpẹ́, wọn ò tiẹ̀ mú un lọ. Mi ò mọ̀ pé irin kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí irin yẹn bá dé àyè rẹ̀ ni iná gidi tó ń tàn, tí àmì ara ilẹ̀kùn níta á kúrò ní àwọ̀ ewé, tí á di pupa, kí ará ìta lè mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé. Èmi jókòó sínú bàìbàì, àmì ìta ń sọ fún gbogbo ayé pé àyè wà.

Ilẹ̀kùn ká sí méjì.

Pírọ́ọ̀fù ni. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n pín fún wa, fìlà rẹ̀ sì wà lórí. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Bó bá jẹ́ àjèjì ni, ǹ bá pariwo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ire kì í rí àgbà kó dákẹ́. Ẹnu mi ti ṣiṣẹ́ kí ọpọlọ mi tó dé: “Ẹ káàárọ̀, sà!”

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àárọ̀ ni. Wákàtí mẹ́fà ni aago Addis fi ṣáájú ti São Paulo, àwa sì wà lágbedeméjì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọjọ́ dé. Mo rí i lójú bàbá náà pé òun náà ń ṣírò rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Yorùbá ni. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa pé kò sí ipò tí ọmọ ènìyàn lè wà tí Yorùbá kò ní kíkí fún. Ó wo ipò tí mo wà. Ó ní:

“O kú ìjókòó.”

Títí di òní, mo gbà pé kò mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́.

Àgbà kí mi, mo ṣì jókòó! Ara mi kò gbà á. Mo dìde láti dọ̀bálẹ̀. Ẹ rántí pé ṣòkòtò mi wà ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé ibẹ̀ kò gba ẹni tó fẹ́ yíra padà, ká má tíì sọ ti ẹni tó fẹ́ nà gbọọrọ. Orí mi ló kọ́kọ́ jáde, ó kan Pírọ́ọ̀fù níkùn. Bàbá fi ẹ̀yìn rìn, ó fi ẹ̀yìn jókòó lé obìnrin kan tó ń sùn lẹ́sẹ̀. Èmi na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láti di nǹkan mú, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́: tíín! Mo na tòsì, mo tẹ bọ́tìnnì tó kù.

Èyí tó kù ni fọ́ọ̀ṣì.

Ìró tó jáde níbẹ̀, ó bú ramúramù, ó fà, ó sì gé lójijì. Mo gbà pé bàálù ti ya. Mo kígbe pé “Ó ti ya o! Ẹ gbà wá o!”, mo sì wọ́ ìdajì ara mi tó kù nínú ilé ìyàgbẹ́ jáde síta pẹ̀lú bó ṣe wà. Iná orí àga bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀gá onímọ̀ bàálù, òun ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga, tó fa aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi jáde, tó sì kì í bọ ọrùn. Omidan tí mo fi agogo pè dé. Ó wò mí nílẹ̀. Ó wo Pírọ́ọ̀fù. Ó ju bùláńkẹ́ẹ̀tì lé mi lórí, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá mo fẹ́ mu omi.

Mo ti wá kà nípa fọ́ọ̀ṣì yìí láti ìgbà náà, nítorí ọ̀tá ẹni là ń mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe omi ló ń gbé nǹkan lọ. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000 tí bàálù ń fò, afẹ́fẹ́ ìta ti fẹ́lẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sínú bàálù kí èèyàn lè rí èémí mí, bíi ká wà lórí òkè tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ojú ihò á ṣí nísàlẹ̀ àwo, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ nínú yàrá á fi ipá sáré gba inú ọ̀pá lọ sínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, á sì gbá ohunkóhun tó bá bá lọ́nà lọ. Sísáré yẹn ló ń bú. Bí bàálù bá ṣì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16,000, ẹ̀rọ kan ló ń bá a fà á. Omi díẹ̀ báyìí ló ń lò, torí wọ́n ti fi nǹkan tó ń yọ̀ kun inú àwo náà. James Kemper ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1975, Boeing sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú bàálù ní 1982. Àwọn tó ń sọ pé ojú ọ̀run ni wọ́n ń da ẹrù náà sí, irọ́ ni: inú táǹkì ló ń wà títí mọ́tò kan á fi wá fà á nílẹ̀. Bí mo bá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, bóyá ǹ bá fara balẹ̀ wọ ṣòkòtò.

Èyí tó bí mi nínú nìyí, mi ò fi ṣeré. Wọ́n fi fídíò hàn wá nípa aṣọ tí a ó wọ̀ bí bàálù bá já sómi, títí dórí fèrè kékeré tó so mọ́ ọn, tí a ó máa fọn fún ẹja. Kò sẹ́ni tó ráyè sọ pé ẹ ti irin ara ilẹ̀kùn yẹn kí iná lè tàn. Èwo nínú méjèèjì ni gbogbo wa máa ṣe dandan? Wọ́n mọ̀ pé àwọn tó ń wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́ kún inú ọkọ̀ náà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi wá rín.

Pírọ́ọ̀fù kò bá mi wí, ìyẹn ló sì burú jù. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi tí mò ń bọ̀ wá kí i, á ti na àtẹ́lẹwọ́ síwájú: “Dúró bẹ́ẹ̀. Ó ti tó.”

Salvador dára. A rí àdúgbò Pelourinho, a jẹ acarajé, àkàrà wa tí wọ́n dín lépo pupa, tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n fi edé sí. Lọ́jọ́ kan a lọ sí ilé ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé. Ìyá àgbà tó gbà wá lálejò ń kọ́ wa ní ìwà tí à ń hù níbẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, kó ké “agô”, kó sì dúró títí ará inú ilé á fi dá a lóhùn. Ó bi wá bóyá a ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Pírọ́ọ̀fù, wọ́n yíjú sí mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà béèrè pé kí ló dé. Mo fi ojú bẹ Pírọ́ọ̀fù, ó gbójú kúrò. Bàbá tí kò lè ra omi ní Salvador láìṣí ìwé atúmọ̀ èdè, Potogí wá ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ wàrà. Nígbà tó sì dé ibi ìdọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde wá ṣe é, kí wọ́n lè rí i.