Àlùmọ́gàjí Tó Ń Ṣojúsàájú

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Irú ìwà wo lèyí? Láyé ìgbà tí sinimá ò tíì lóhùn, àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀ṣọ́ ìwà mímọ́. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n gé dànù, kí ẹ tún wo ohun tí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n!

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Jack Johnson, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Ọkùnrin dúdú, tó tún ń fẹ́ obìnrin òyìnbó, tí kò sì fi bò! Wọ́n lọ bẹ Jim Jeffries tó ti fẹ̀yìn tì pé kó wá gba adé ẹ̀ṣẹ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀ fún òyìnbó. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1910, ní ìlú Reno, Johnson lu Jeffries bí ẹni ń lu bẹ̀ǹbẹ́, kámẹ́rà sì ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí àwọn òyìnbó, wọ́n kọ lu èèyàn dúdú ní ìlú káàkiri, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ṣé àwọn tó pààyàn làwọn ẹni ọ̀wọ̀ wá bá wí? Rárá o. Fíìmù ni wọ́n dojú kọ! Wọ́n ní ó ń ba ìwà ọmọdé jẹ́. Theodore Roosevelt pàápàá, Ààrẹ àná, kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe fíìmù ìjà hàn mọ́. Òun tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ tó ń jà nílé Ààrẹ ló ba ojú òsì rẹ̀ jẹ́. Ní 1912, òfin àpapọ̀ jáde: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé fíìmù ìjà ẹ̀ṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, tàbí kó o wọlé láti òkè òkun.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ní 1915, Jess Willard, òyìnbó, lu Johnson ní Havana. Háà! Fíìmù tó ń ba ọmọdé jẹ́ lánàá ti wá di ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì. Ní 1916, àwọn oníṣòwò kan lọ pàgọ́ sí Rouses Point, lẹ́nu ibodè Kánádà. Wọ́n gbé fíìmù ìjà Havana náà sí ìhà Kánádà, wọ́n gbé kámẹ́rà sí ìhà Amẹ́ríkà, wọ́n tanná láti ọ̀hún, wọ́n sì ń yà á níhìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò gbé nǹkan kan wọlé, ìmọ́lẹ̀ lásán ló kọjá! Ilé ẹjọ́ ò dá wọn láre, ṣùgbọ́n ẹ wo àrékérekè.

Ọdún 1915 yẹn kan náà nilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òwò lásán ni sinimá, pé ìgbìmọ̀ ìjọba lè gé e bó bá ṣe wù wọ́n. Agbára dé ọwọ́ wọn wàyí. Ọdún yẹn náà ni D. W. Griffith gbé fíìmù The Birth of a Nation jáde. Nínú rẹ̀, ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Gus lé ọmọbìnrin òyìnbó títí tó fi bẹ́ láti orí àpáta. Ta ni Gus? Walter Long, òyìnbó pọ́ńbélé tó kun ojú ní dúdú! Àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń dúnkookò mọ́ èèyàn dúdú, wá gẹṣin dé bí olùgbàlà. Woodrow Wilson, Ààrẹ ìgbà náà, wò ó nílé Ààrẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, Thomas Dixon, ló kọ ìwé tí wọ́n fà á yọ. Ohio àti Kansas kọ̀ ọ́, a ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní Boston, William Monroe Trotter, akọ̀ròyìn dúdú tó lọ fẹ̀hónú hàn, ni ọlọ́pàá mú, fíìmù ń bá tirẹ̀ lọ. Kí ọdún náà tó parí, Klan ti jí dìde lórí Stone Mountain.

Ẹ sún mọ́ mi, torí èyí tó kù, a kì í pariwo ẹ̀. Ní 1920, Oscar Micheaux, ọmọ aláwọ̀ dúdú, gbé fíìmù Within Our Gates dé Chicago. Ìgbìmọ̀ tó ń gé fíìmù níbẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ fún un. Kí ló wà níbẹ̀? Wọ́n purọ́ mọ́ àgbẹ̀ dúdú kan pé ó pa onílẹ̀, wọ́n sì so òun àtìyàwó rẹ̀ kọ́. Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ lóde, òyìnbó kan, Gridlestone, ká Sylvia, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà tọ́, mọ́lé, ó fẹ́ fipá bá a lò. Aṣọ ya, ó rí àpá kan láyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ. Ọmọ bíbí inú òun fúnra rẹ̀ ni!

Ṣé ẹ rí i? Irọ́ Gus kọjá. Ti Gridlestone, tó ń ṣẹlẹ̀ lóko ẹrú láti ìran dé ìran, tí àwọ̀ àwọn ọmọ ń jẹ́rìí sí, òun ni wọ́n ní yóò dá ìlú rú. Ìdọ̀tí kọ́ ni wọ́n ń gé, ẹ̀rí ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: owó ńlá ni Griffith pa. Fíìmù Micheaux sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti padà rí ẹ̀dà kan ṣoṣo. Àwọn tó ní àwọn ń dáàbò bo ọmọ wọn, ilẹ̀ onílẹ̀ ló bá wọn tọ́jú òtítọ́ wọn. Èèwọ̀!