Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Ìbejì, Ọlọ́kọ̀ Tí Kò Mọ Ọjọ́ Orí Táyà Rẹ̀

Bàbá Ìbejì,

Ẹ kú ooru yìí o. Ẹ kú ìmúra òjò pẹ̀lú, nítorí mo ti rí agbòjò tuntun tí ẹ rà, mo sì rí káfíńtà lórí òrùlé yín tó ń pààrọ̀ páànù tó ń jò. Nígbà ọyẹ́ náà, ẹ kò fi ara yín ṣeré: òrí ní ẹsẹ̀, Vaseline ní ètè, súwẹ́tà láàárọ̀. Ọkọ̀ yín nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún pé ìgbà ń yí.

Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ nínú ọkọ̀ náà, láàárín Abúlé-Ẹ̀gbá sí Ìkẹjà, ẹ kàn ń pariwo rédíò lé mi lórí ni. Èmi náà sì mọ̀wọ̀n ara mi: ẹni tí kì í san owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa pàṣẹ fún awakọ̀. Ìwé ìròyìn ló kù tí mo lè sá dì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí táyà bẹ̀rẹ̀. Kò sí agbábọ́ọ̀lù Arsenal kan tí ẹ kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ti ń darúgbó, ẹ mọ ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lè gba sáà kan sí i, ẹ sì máa ń bú akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kò tà wọ́n lásìkò. Ọmọ ọdún mélòó ni táyà iwájú yín ti ọwọ́ ọ̀tún? Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin kan ló parí ìlà yẹn: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2316 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Táyà yín ni mo ti kà á, nígbà tí ẹ sọ̀ lọ ra búrẹ́dì. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin sí ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Mo mọ èsì yín: ó ṣì dúdú, ilà ojú rẹ̀ ṣì jìn. Rọ́bà kì í hu ewú, Bàbá Ìbejì. Oòrùn àti ooru títì ń mú un le díẹ̀díẹ̀, ó ń sán níbi tí ojú kò tó, títí di ọjọ́ tí yóò bẹ́ lórí eré ní ọ̀nà márosẹ̀. Ilà tí ẹ sì ń wí yẹn, wọn kò kọ ọ́ fún ẹwà. Òun ló ń gba omi kọjá kí rọ́bà lè rí ọ̀dà dì mú; bí ó bá ti gbó kù sí 1.6 mílímítà, àkókò ìdágbére ti tó. Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ yé fi ẹsẹ̀ ta táyà kí ẹ sì ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ yín kì í ṣe gééjì. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, àárọ̀ kí táyà tó gbóná ni a sì ń wọ̀n ọ́n.

Wáípà ńkọ́? Láti ìparí ọdún ni oòrùn ti ń sun rọ́bà rẹ̀, tí eruku ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà jókòó lé e. Ẹ̀yin sì ń tàn án lórí gíláàsì gbígbẹ kí ó lè gbá eruku yẹn. Iyanrìn ni ẹ fi ń họ gíláàsì o. Ẹ da omi sí i ná. Bí ó ṣe wà yìí, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ibi tí ẹ nílò láti fi wo ọ̀nà gan-an ni kò sì nù. Òjò àkọ́kọ́ ló sì ń yọ̀ jù. Epo àti eruku tí ẹ̀ẹ̀rùn kó jọ sójú títì ni omi díẹ̀ yẹn ń gbé dìde, òjò ńlá tí yóò fọ̀ ọ́ lọ kò tíì dé. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ máa ń sáré kí òjò má baà bá yín lọ́nà.

Tó bá wá bá yín, ẹ̀ẹ́ tan hásáàdì, ọ̀tún-òsì ń ṣẹ́jú pọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò wá mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ yà ni tàbí ẹ ti dúró. Ọkọ̀ tó dákú sójú ọ̀nà ló ni iná yẹn. Iná iwájú ni kí ẹ tàn, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó ga a máa kọlu òjò, tàbí kùrukùru ọyẹ́, a sì padà sójú ẹni tó tàn án. Bí gíláàsì bá sì ń ṣú látinú, ẹ fi áńkáṣífù sápò, ẹ tan éè-sí. Mo mọ̀ pé epo ni ẹ ń ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀yin lẹ máa ń ròyìn òjò Èkó ti ọjọ́ 10 Oṣù Keje ọdún 2011 fún wa, ẹ tún ń fi omíyalé Ìbàdàn ti Oṣù Kẹjọ ọdún náà kún un. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé etí omi tí ẹ rí dáńfó kan tó là á já, ẹ̀ẹ́ ní ‘Ọlọ́run ń bẹ’, ẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Ọlọ́run ń bẹ, ṣùgbọ́n dáńfó ga ju yín lọ. Omi tó ń ṣàn tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí kò tó orúnkún yín, lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. Tó bá di 60, jíìpù pàápàá lè bá a lọ. Bí ẹ kò bá ti rí etí gọ́tà mọ́, ẹ ṣẹ́rí padà.

Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ símú. Bí omi bá gba ihò imú yẹn wọ inú rẹ̀, písítìnì tó mọ afẹ́fẹ́ í tẹ̀ kò lè tẹ omi, irin inú rẹ̀ ni yóò wọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń yí léraléra lẹ́yìn tó ti kú sínú omi ló máa ń parí iṣẹ́ náà. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í síbi gbígbẹ, kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì wò kí ẹ tó tún tan án. Èyí tó bá sì là á já, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì rẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, kí ó gbẹ.

N kò ní gùn ún lórí rédíétọ̀ tí ẹ ń fún ní píọ̀ wọ́tà dípò kúláńtì, tó ń dípẹtà nínú. Fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì yín kì í rí ọkọ̀ yìí àfi tí wọ́n bá fi okùn fà á wá, owó ńlá ló sì máa ń gbà lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ́ wá ní olè ni. Owó wáípà ni ẹ kò fẹ́ san tó ń di owó ẹ́ńjìnnì.

Fọkanáísà ẹnu ọ̀nà ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ní Sátidé, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Owó táyà, ẹ má wá a sọ́dọ̀ mi. Ìyá Ìbejì ti ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí n bi yín léèrè iye tí ẹ ra jẹ́sì tuntun yẹn.

Èmi ni,
Èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ yín.