Ìka Ò Dọ́gba, Táyà Ńkọ́?

Ẹni tí kò ní ni àwọn àgbà ń tù nínú nígbà tí wọ́n sọ pé ìka ò dọ́gba. Wọ́n ní kó má bá Ẹlẹ́dàá jà, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá dé Ìyànà Ìsọlọ̀ lónìí, ẹnu ẹni tó ní ni òwe náà ti ń jáde.

Ẹ wo ọ̀gá tó wa mọ́tò sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì wá sí ìsọ̀ fọkanáísà. Mọ́tò pupa ni, ó ń dán débi pé ẹni tó fẹ́ fá irùngbọ̀n kò ní wá dígí. Gíláàsì rẹ̀ dúdú, orúkọ ìnagijẹ ọ̀gá ló wà lára nọ́ńbà rẹ̀, owó gidi ló sì san lórí ìyẹn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Táyà iwájú lọ́tùn-ún, tuntun láti Ṣáínà. Ti òsì, Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun, tó ti pá. Ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, Bẹ́ljíọ̀mù mìíràn tí ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn lósì, táyà tí wọ́n ya òkè àti yìnyín sí lára.

Táyà yìnyín, ní Ìsọlọ̀!

Àwòrán yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Jámánì, òfin ni pé bí yìnyín bá bo ọ̀nà, kí mọ́tò wọ táyà ìgbà òtútù. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kó lè di ilẹ̀ mú nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ju 7°C lọ. Bó bá gbó, olówó rẹ̀ á jù ú nù, oníṣòwò á gbé e gba Kùtọnu, á sì bá ara rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán Ìlasamàjà, kíákíá ló ń jẹ, bí ẹ bá sì fi sáré wọ kọ́nà, á máa mì lábẹ́ yín.

Bàbá fọkanáísà na ìka sí nọ́ńbà mẹ́rin lára ọ̀kan: 0914. Ó ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀gá ní òun mọ ọtí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń wọ́n sí i.

"Ọ̀gá, àwọn táyà yìí ò bára mu. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí ká tiẹ̀ ṣe méjì ẹ̀yìn ná."

"Bàbá, ẹ má dà mí láàmú. Ìka ò dọ́gba. Porsche 911 gan-an, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju ti iwájú lọ láti ilé iṣẹ́!"

Kò purọ́ o. Àmọ́ méjèèjì tó wà lẹ́yìn Porsche dọ́gba, méjèèjì iwájú náà dọ́gba, ẹni tó ṣe mọ́tò ló sì ṣírò rẹ̀. Ti ọ̀gá yìí, ìṣirò àpò ni. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ìka, èmi náà ní mẹ́wàá: ẹ ká wọn mọ́ òkèlè, orí wọn á pàdé lójú kan.

Táyà kò mọ ọgbọ́n yẹn. Èyí tó ti jẹ kéré ju tuntun lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ kí wọ́n tó jọ rin ìrìn kan náà. Dífúrẹ́ńṣà tó wà láàárín wọn kò ní sinmi mọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ bíréèkì ń ka ìyípo gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá ń yára jù, ó lè rò pé ó ń yọ̀ ni, á sì tan iná síwájú awakọ̀. Ọ̀gá ti rí iná yẹn. Ó pe ríwáyà, ríwáyà yọ gílóòbù rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Òjò oṣù kẹfà kò ní gílóòbù tí wọ́n lè yọ. Lójú ọ̀nà Òṣòdì, táyà apá kan á la omi kọjá, ti apá kejì á léfòó. Ẹ tẹ bíréèkì, imú mọ́tò á yà síbi tẹ́nikẹ́ni ò rán an, bóyá sọ́dọ̀ ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá.

N ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop tó wà ní Ìkẹjà nítòsí wa níbí dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Ohun tí ọkọ̀ òkun bá gbé wá ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀ fún mọ́tò. Kọ́sítọ́ọ̀mù ka táyà àlòkù mọ́ èèwọ̀, àjọ SON tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà sì ti pariwo títí lórí àwọn tó ń ki táyà bọ inú táyà kí kọ̀ǹténà lè gbà á, tí ara rẹ̀ á fi ṣẹ́ nínú. Awakọ̀ dánfó tó ń fi táyà pípá rìn kò ṣe rere, àmọ́ àìní wà tó lè fi bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí owó mọ́tò rẹ̀ lè kọ́lé ní Èjìgbò, kí ló fẹ́ fi òwe aláìní ṣe?

Ọ̀gá ra Bẹ́ljíọ̀mù kan ṣoṣo, ó ná an títí bàbá fi rẹ́rìn-ín. Ó ń kánjú. Ládípọ̀ ló kù tó ń lọ: wọ́n ti bá a tọ́jú sàlẹ́ńsà tó ń bú, kí gbogbo Àjàó Estate, tí bàálù ń kọjá lórí wọn tọ̀sán-tòru, lè tún gbọ́ pé òun ti dé.